Ibi Tí Koríko Kò Hù Níwájú Ilé Tíṣà

Ìṣísẹ̀ méjìlélógún ni Tíṣà Akínwùmí máa ń rìn láti ibi àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ títí dé ibi tí koríko parí sí. Mo mọ̀ nítorí pé mo kà á. Bó bá ti dé ibẹ̀, á dúró, á fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀ pupa tó wà níwájú rẹ̀, á wo géètì, á sì yí padà. Láti ibẹ̀ dé géètì kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án lọ fún ẹni tí ara rẹ̀ le.

Oṣù keje ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílé náà, ní Òkè-Ìmẹ̀sí. Tíṣà ti fi ọgbọ̀n ọdún ṣe ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ káàkiri Ìjerò àti Ẹ̀fọ̀n kó tó fẹ̀yìn tì, tó wá kọ́lé sí ìlú rẹ̀. Àrùn ẹ̀gbà kọlù ú lọ́dún tó kọjá, ó mú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ òsì rẹ̀. Nígbà tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ó ṣubú lórí ilẹ̀ pupa yẹn ní oṣù karùn-ún, ó fi èjìká gbalẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ní òun kò tẹ ilẹ̀ líle mọ́. Ó ní bí ènìyàn bá ṣubú sórí koríko, koríko á gbà á. Nọ́ọ̀sì tó ń wá na ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé bí Bàbá kò bá rìn jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ kí ọyẹ́ tó dé, ẹsẹ̀ náà lè gan, kó má sì nà mọ́.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pè mí. Ìyàwó Tíṣà, Màmá Olúbùnmi, ti gbọ́ pé mo fi ọdún mọ́kànlá tọ́jú koríko ní ilé àlejò kan lọ́nà Ìkọ́gòsì. Ó fi ilẹ̀ náà hàn mí, ó ní kí n ṣe é kí koríko dé géètì kí òjò tó lọ. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo wò ó yípo. Koríko tó wà nílẹ̀ ti fọ́nká, ṣùgbọ́n ó wà láàyè. Àárín ni kò sí nǹkan kan: ilẹ̀ tó fẹ̀ tó yàrá méjì, tó pá láú. Mo gbé ṣọ́bìrì lé e, ó dún bí irin. Màmá sọ fún mi pé níbẹ̀ ni àwọn bíríkìlà ti po kọnkéré nígbà tí wọ́n ń kọ́lé. Inú mi dùn, torí mo rò pé mo ti rí ìdí ọ̀rọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi dígà fọ́ ọ. Mo kó sìmẹ́ǹtì tó ti dì náà dànù, mo sì ru ilẹ̀ dúdú díẹ̀ wá láti ìdí igi kòkó, mo pò ó mọ́ ilẹ̀ pupa náà.

Olúbùnmi, àkọ́bí wọn, fi irúgbìn koríko ránṣẹ́ láti Ìbàdàn nínú àpò kékeré kan. Mo ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ sí ara àpò náà lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí kí n tó mọ̀wé kà, ní ilé-ìwé alẹ́ ní Ìjerò, lórí bẹ́ǹṣì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán. Nǹkan tí wọ́n bá kọ sílẹ̀, mi ò kì í fò ó.

Mo gé koríko àtijọ́ mọ́lẹ̀. Mo fi réèkì ha ilẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi là. Irúgbìn náà kéré ju ọkà bàbà lọ dáadáa, bí ènìyàn bá fi ọwọ́ lásán fọ́n ọn, ibì kan á ní púpọ̀, ibòmíràn kò ní ní rárá. Nítorí náà mo pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ nínú bàsíà. Mo fọ́n ìdajì ní ìbú, mo fọ́n ìdajì tó kù ní òró, lórí ibi tó pá àti láàárín koríko tó fọ́nká. Mo bu ilẹ̀ díẹ̀ bò ó. Mo wá fi pákó tẹ ibi tó pá náà mọ́lẹ̀ kí irúgbìn lè fi ara kan ilẹ̀, títí ojú rẹ̀ fi dán bí ilẹ̀ yàrá. Màmá ní òun á máa wọ́n omi sí i ní ìrọ̀lẹ́.

Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti Ọjọ́ Ẹtì ni mo máa ń lọ síbẹ̀, láti aago mẹ́jọ àárọ̀. Ní ọjọ́ kọkànlá, mo kúnlẹ̀ mo wo ilẹ̀. Láàárín koríko àtijọ́, irúgbìn ti hù, ó tinrín, ó sì tutù bí irun ọmọ tuntun. Ní ibi tó pá, kò sí ẹyọ kan.

Tíṣà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń wò mí. Láti ìgbà tí àìsàn ti mú un, èdè Èkìtì nìkan ló kù sí i lẹ́nu. Ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Yorùbá inú ìwé, ó ti padà ń pe ilé ní ulé, ó ń pe iṣu ní uṣu. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ pé. Ó bi mí pé kí ni mo rí. Mo sọ fún un. Ó ní kí n wá ìwé, kí n kọ ohun tó yàtọ̀ láàárín ibi méjèèjì sílẹ̀.

Mo kọ ọ́: oòrùn, ọ̀kan náà. Omi, ọ̀kan náà. Irúgbìn, ọ̀kan náà. Ilẹ̀, ti ibi tó pá ló dára jù. Mo kà á fún un. Ó ní ó ku ọ̀kan tí mi ò tíì kọ, ṣùgbọ́n òun náà kò mọ̀ ọ́n.

Mo fura sí irúgbìn náà fúnra rẹ̀. Mo ka ogún nínú rẹ̀ sínú àkísà tútù, mo ká a, mo gbé e sórí àwo nílé mi. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, mẹ́tàdínlógún ti hù. Ẹ̀bi kì í ṣe ti irúgbìn.

Mo fura sí ẹyẹ. Lọ́dún 1983, nígbà tí òjò kọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni bàbá mi gbin àgbàdo sí oko wa lẹ́yìn Ẹ̀fọ̀n, ẹ̀ẹ̀mejèèjì sì ni àparò hú u jẹ. Kò gbìn ín lẹ́ẹ̀kẹta, nítorí pé a se agolo irúgbìn méjì tó kù jẹ ní Ọjọ́bọ̀ kan, àwa mẹ́jọ. Mi ò gbàgbé ohun tí ẹyẹ lè ṣe. Nítorí náà, nígbà tí mo fọ́n irúgbìn lẹ́ẹ̀kejì, mo gé imọ̀ ọ̀pẹ, mo sì fi bo gbogbo ibẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, kò sí nǹkan. Ohun kan ṣoṣo ni mo ṣàkíyèsí. Wúruwùru ni mo ju imọ̀ ọ̀pẹ náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí mo bá dé, màá bá a tí wọ́n tò ó tẹ̀lé ara wọn, orí sí orí, ìdí sí ìdí. Mo rò pé Màmá ló ń tò ó bó bá ń wọ́n omi. Mi ò bi í.

Ohun tí mo bi í ni pé ṣé ẹnì kan ń tẹ ibẹ̀. Ó ní kò sí. Bàbá kì í débẹ̀, òun fúnra òun ń wọ́n omi láti etí ni, ewúrẹ́ kò sì lè gba géètì wọlé.

Mo fura sí èèrà. Mo da eérú yí ibẹ̀ ká, mo fọ́n irúgbìn lẹ́ẹ̀kẹta. Èèrà kò kọjá eérú náà. Koríko kò hù. Ezekiel ọlọ́kadà, tó máa ń gba iwájú ilé náà kọjá lọ sí ọjà, ti bẹ̀rẹ̀ sí í dín eré ọ̀kadà rẹ̀ kù bó bá rí mi.

“Bàbá Ìfẹ́dayọ̀,” ó pè mí lọ́jọ́ kan, “ṣé irúgbìn lẹ fọ́n síbẹ̀, àbí iyọ̀?”

Mo ní kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí ju bó ṣe yẹ lọ. Oṣù kẹsàn-án ti ń parí. Irúgbìn ti tán nínú àpò, òjò kò sì ní pẹ́ lọ. Ní gbogbo àárọ̀ tí mo bá wà níbẹ̀, Tíṣà á rin ìṣísẹ̀ rẹ̀ méjìlélógún, á dúró, á wo géètì. Ẹni tó bá ń kọjá á kí i láti ojú títì. Á dá wọn lóhùn, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́, wọ́n á sì ti kọjá lọ, wọ́n á rò pé kò dáhùn ni. Á wá yí padà. Mo rí i pé ẹsẹ̀ òsì náà ti ń wọ́ nílẹ̀ ju ti oṣù keje lọ.

Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀lé e ni mo ru koríko gígé lọ sí ẹ̀yìn ilé, sí ààtàn tó wà nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bí mo ti ń gbé e kalẹ̀ ni mo rí ewéko kan tó bo etí ààtàn náà. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ọwọ́ kàn án. Ó kún, ó rọ̀, ewé rẹ̀ tinrín. Mo fà á yọ díẹ̀, mo wo gbòǹgbò rẹ̀. Koríko wa ni. Ó hù níbẹ̀ ju bí mo ṣe rí i ní ilé àlejò rí lọ, ó sì tẹ̀ kọrọdọ bí ìgbà tí ènìyàn bá da nǹkan láti inú ìkólẹ̀ sí ojú kan náà lójoojúmọ́. Lórí rẹ̀, erùpẹ̀ pupa tuntun wà, pẹ̀lú ewé kajú gbígbẹ méjì àti ẹyọ ọwọ̀ kan tó já.

Lẹ́yìn náà mo padà síwájú ilé, mo wo ilẹ̀ tó pá. Àpá ọwọ̀ wà lára rẹ̀ láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì, ó tẹ̀ lé ara wọn bí ìpẹ́ ẹja. Gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ mi ni mo ti ń rí àpá náà láti oṣù keje. Mo ti kúnlẹ̀ lórí rẹ̀. Àmọ́ ta ni yóò ka àpá ọwọ̀ sí nǹkan kan níwájú ilé? Ilẹ̀ tí kò ní àpá ọwọ̀ láàárọ̀ ni ènìyàn máa ń bi léèrè pé ṣé kò sí àlàáfíà. Lọ́dún 1971, ìyá mi nà mí ní pàṣán mẹ́rin nítorí ewé ọsàn kan tí mo gbá kù. Láti ìgbà náà, mi ò rò pé mo tún bi ara mi léèrè rí ìdí tí ilẹ̀ fi gbọ́dọ̀ mọ́.

Mo pe Màmá wá sẹ́yìn ilé. Mo bi í pé ta ló ń da erùpẹ̀ síbẹ̀.

“Oyin ni,” ó ní. “Ibẹ̀ náà ló ń kó ilẹ̀ tó bá gbá dà sí.” Ó wo koríko náà. Ó wò mí. “Ọláìtán, ìwọ ò bi mí nípa ilẹ̀ gbígbá. Ẹni tó ń tẹ ibẹ̀ lo bèèrè.”

Oyin ni ìyàwó Dàpọ̀, ọmọ àbúrò Tíṣà, tí ilé wọn wà lẹ́yìn ògiri. Oṣù kẹrin ni wọ́n gbé e wọlé. Òun ni ìyàwó kékeré nínú ẹbí, nítorí náà òun ló ń gbá iwájú ilé àgbà mẹ́ta lójoojúmọ́ kí agogo ṣọ́ọ̀ṣì tó lù, tí Màmá ṣì wà nínú ilé tó ń wẹ̀ fún Bàbá. Ibi tí koríko bá wà, ọwọ̀ kò lè gbá a, á fò ó. Ibi tó pá, tí mo fi pákó tẹ̀ títí tó fi dán, ọwọ̀ rẹ̀ á gbá a dáadáa.

Mo ní ọ̀rọ̀ ti tán nígbà náà, kí wọ́n sọ fún un kó má gbá ibẹ̀ mọ́. Màmá mi orí. Ó ní ta ni yóò sọ ọ́? Ó ní nígbà tí òun wà níyàwó, ìyá ọkọ kan ní àdúgbò wọn sọ fún ìyàwó ọmọ rẹ̀ pé kó má gbá iwájú òun mọ́, àti pé kí ilẹ̀ tó ṣú, ìyàwó náà ti di ẹrù rẹ̀, ó ti gba ilé bàbá rẹ̀ ní ìlú Ara lọ. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi bẹ̀ ẹ́. Bí àgbà bá kọ ilẹ̀ gbígbá ìyàwó, ìyàwó náà fúnra rẹ̀ ló kọ̀. Oyin kò sì tíì pé ọdún kan nílé ọkọ.

A kò mọ̀ pé Tíṣà ti jáde sí ojú fèrèsé ẹ̀yìn, tó ń gbọ́ wa. Ó fi ọ̀pá kan fèrèsé. Ó ní kí wọ́n pe Oyin.

Oyin wá, ó ti wẹ ìyẹ̀fun ẹ̀lùbọ́ kúrò lọ́wọ́, ó kúnlẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ojú rẹ̀ ń lọ láti ara Màmá sí ara mi. Mo rí i pé ó ń wá ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀.

“Ìyàwó mi,” Tíṣà ní, “ibi pupa iwájú ulé yìí, báwo lo ṣe ń gbá a?”

“Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ń gbá a, Bàbá. Bí kò bá mọ́ tó, ẹ foríjì mí.”

“Ibi yòókù ńkọ́?”

“Ẹ̀ẹ̀kan ni, sà.”

Ó bi í pé kí ló dé. Oyin ní lọ́jọ́ tí Bàbá ṣubú, nígbà tí gbogbo ènìyàn ń gbé wọn wọlé, òun ni òun mú bàtà wọn tẹ̀lé wọn. Òkúta wẹ́wẹ́ méjì ló há sí ìsàlẹ̀ bàtà náà.

“Láti ọjọ́ náà,” ó ní, “bí mo bá ti gbá ibẹ̀ tán, màá tún un gbá. Màá wá bẹ̀rẹ̀, màá fi ọwọ́ ṣa òkúta tó bá kù. Mi ò fẹ́ kí ẹ tún ṣubú.”

Màmá ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Láti oṣù karùn-ún títí di ìparí oṣù kẹsàn-án, mo ṣírò rẹ̀ nínú ọkàn mi: ó lé ní ọgọ́fà òwúrọ̀.

“Kò sí òkúta níbẹ̀ mọ́?” Tíṣà bèèrè.

“Kò sí, sà. Ó pẹ́ tí mo ti rí ẹyọ kan kẹ́yìn.”

Tíṣà na ọwọ́ ọ̀tún, Màmá fi ọ̀pá sí i. Ó sọ̀ kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn, a sì tẹ̀lé e. Ó rìn lórí koríko dé ibi tó máa ń dúró sí, ó sì dúró. Ó kó imọ̀ ọ̀pẹ tó kù kúrò lọ́nà pẹ̀lú ọ̀pá. Ó ti ọ̀pá náà mọ́lẹ̀ pupa, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, bí ẹni tó ń gbọ́ bóyá nǹkan kan á há. Ó wo Oyin lẹ́ẹ̀kan. Ó wá gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sí i, ó sì fa ti òsì tẹ̀lé e.

Màmá fẹ́ di apá rẹ̀ mú, ó kọ̀. Ìṣísẹ̀ mẹ́rìndínlógún ló rìn. Ó dúró lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kan irin géètì, òógùn ti bo gbogbo iwájú orí rẹ̀, ẹsẹ̀ òsì náà sì ń gbọ̀n. Mo sáré lọ gbé àga wá.

Ìgbà tó jókòó tán ni mo tó sọ ọ̀rọ̀ irúgbìn fún Oyin. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

“Ìgbẹ́ ẹyẹ ni mo pè é,” ó ní. “Mo tiẹ̀ ń bú àwọn ẹyẹ náà láràárọ̀.”

Mo bi í nípa imọ̀ ọ̀pẹ. Ó ní òun rò pé mo ń sá a kó lè gbẹ, kí n fi ṣe ọwọ̀ ni, nítorí náà bí òun bá kó o kúrò láti gbálẹ̀, òun á tò ó padà dáadáa kó má bàa tẹ̀. Màmá rẹ́rìn-ín débi pé ó jókòó sílẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ni ẹ̀fẹ̀ náà bá wí.

Oyin kò rẹ́rìn-ín pẹ́. Ó bi wá pé bí òun kò bá gbá ibẹ̀ mọ́, kí ni àwọn tó ń kọjá yóò sọ? Wọ́n á ní ìyàwó Dàpọ̀ ti ya ọ̀lẹ, tàbí pé òun àti Màmá ń jà. Màmá wo Tíṣà. Èmi náà wò ó.

Tíṣà fi ọ̀pá tọ́ka sí ilẹ̀ náà. “Ẹ gbin koríko yín,” ó ní. “Ṣùgbọ́n ẹ fi ojú ọ̀nà sílẹ̀ láàárín, láti géètì dé ulé. Ìyẹn ni ìyàwó mi á máa gbá. Èmi á máa tọ̀ ọ́.”

Mo bi í pé báwo ló ṣe fẹ́ kó fẹ̀ tó. Oyin ló dáhùn kó tó lanu. Ó ní kó gba ènìyàn méjì.

A bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí òjò ti ṣú lẹ́yìn òkè. Mo na okùn méjì láti géètì, Oyin di ìdí wọn mú. Irúgbìn kò sí mọ́, ṣùgbọ́n gbogbo èyí tí mo fọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta wà nínú ààtàn. Mo fi ṣọ́bìrì gé koríko náà ní ìṣù ìṣù pẹ̀lú ilẹ̀ ìdí rẹ̀, Oyin ń fi bàsíà rù ú wá, mo sì ń tò ó sí ọ̀tún àti òsì okùn, mo ń fi àyè ọwọ́ kan sílẹ̀ láàárín ọ̀kan àti èkejì, kí wọ́n lè ráyè nà. Oyin béèrè ohun púpọ̀. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ó máa ń sùn lálẹ́ bíi patanmọ́. Ó fẹ́ mọ ìdí tó fi fẹ́ ààtàn ju ilẹ̀ tí mo tọ́jú fún un lọ. Mo ní kò fẹ́ ààtàn, ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti dí i lọ́wọ́ ló fẹ́.

Tíṣà kò gbà kí a gbé òun wọlé. Ó jókòó sẹ́nu géètì, ó ń dá àwọn tó ń kọjá lóhùn. Ezekiel dúró pẹ̀lú èrò méjì lẹ́yìn ọ̀kadà rẹ̀, ó bọ́ fìlà, ó kí i, Tíṣà sì bi í nípa ìyá rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ. Mi ò gbọ́ kí Ezekiel sọ̀rọ̀ iyọ̀ lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí a tò ó dé etí koríko àtijọ́, ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ ti ń bọ́. Oyin mú ọwọ̀, ó gbá erùpẹ̀ tó dà sí ojú ọ̀nà náà kúrò, ó fi ọwọ́ ṣa ẹyọ òkúta kan, ó jù ú sójú títì. Lẹ́yìn náà ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Tíṣà.

Tíṣà dìde. Wọ́n jọ gba ojú ọ̀nà náà bọ̀, Tíṣà ń fi ọ̀pá tẹlẹ̀, Oyin wà ní ọwọ́ òsì rẹ̀. Kò dì í mú. Ó kàn ń dúró nígbà tí Tíṣà bá dúró, ó sì ń rìn nígbà tó bá rìn, òjò sì ń pa àwọn méjèèjì.